Ẹni Tó Di Òpó Mú

Alàgbà Ọ̀jẹ́lábí atẹ̀wé ló ni tẹlifíṣọ̀n,
yàrá mẹ́rìnlá ló ni ojú tó ń wò ó.
Ó nílẹ̀kùn onígi bíi kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní kọ́kọ́rọ́,
kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún ń gbé nínú àpò bàbá
pẹ̀lú ìka tí ìńkì ò kúrò lára rẹ̀ rí.
Ní Ṣómólú, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ti dákẹ́ nírọ̀lẹ́,
a ó fọ ẹsẹ̀, a ó tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.
Ọmọ tó bá fọ́ korobá omi lọ́jọ́ náà,
ìta fèrèsé ni yóò ti wò ó.

Òpó páìpù dúró lẹ́yìnkùlé, nítòsí kànga,
irin orí rẹ̀ dà bí eegun ẹja tí ológbò jẹ kù.
Wákílù ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń yí i.
Ọwọ́ rẹ̀ gùn, kì í bẹ̀rù òjò.
"Ṣé ó ti dáa?"
"Kò tíì dáa!"
"Báyìí ńkọ́?"
"Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀... Ó tún ti lọ! Dá a padà!"
Ohùn wa á gba fèrèsé jáde,
á yí ilé ìdáná po, á bá a nínú òkùnkùn,
títí ẹnìkan á fi lọgun:
"Ó ti dáa! Wákílù, má mì!"

Má mì.
Kò sì ní mì.
Eré á bẹ̀rẹ̀, ọba orí ìtàgé á lé olorì jáde,
a ó sunkún, a ó rẹ́rìn-ín,
ẹ̀fọn á máa jẹ ẹni tó di òpó mú.
Lọ́jọ́ àṣekágbá bọ́ọ̀lù, òjò ń rọ̀ bí ẹni da omi nù,
ẹnu wa ló ti gbọ́ góòlù.
"Ta ló gbá a wọlé? Ẹ̀yin, ta ló gbá a wọlé?"
Àwa ò dá a lóhùn. A ti dì mọ́ra, a ń fò.

Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè góòlù kan.

Alàgbà kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ pín ẹ̀rọ,
wọ́n ta àpótí onílẹ̀kùn fún ẹni tó fi ń kó adìyẹ sí.
Àwo funfun gorí páànù,
ó gbójú sókè bí ẹni tó ń tọrọ òjò,
oníkálukú ra dikódà tirẹ̀, ó tilẹ̀kùn mọ́ra.
Lọ́jọ́ tí owó oṣù Ìyá Mojírádé tán,
lẹ́tà pupa jókòó sójú àwòrán bí agbowó-orí.
Ó ní, "Èmi ni mo ni ín ni, àbí mo háyà rẹ̀?"

Lónìí, nínú ilé yẹn kan náà,
àwa mẹ́rin jókòó sórí àga kan,
fóònù mẹ́rin, etí mẹ́jọ tí a fi nǹkan dí.
Fiyinfólúwa ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.
Ìyá rẹ̀ ń nu ojú, mi ò mọ ẹni tó kú.
Tẹlifíṣọ̀n ńlá ara ògiri ń wò wá.

Àná ni mo rí i:
ẹnìkan ti gbé àṣekágbá ọjọ́ òjò yẹn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.
Mo tẹ̀ ẹ́. Òbìrìkìtì kékeré ń pòòyì, ó ń pòòyì.
Déétà wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò sí.
Mo dìde, mo gbé fóònù lọ sójú fèrèsé,
mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, mo bọ́ sẹ́yìnkùlé,
sídìí òpó tó ti dípata, tó di ibi ìso okùn aṣọ.
Mo yí ọwọ́ sí Yábàá. Mo yí i sí Bàrígà.
Ẹnu mi sọ ọ́ kí n tó mọ̀:
"Ṣé ó ti dáa?"

Aṣọ tútù nìkan ló ń kán.
Wákílù ti lo ọdún mẹ́fà lábẹ́ ilẹ̀.

Òbìrìkìtì dúró. Bọ́ọ̀lù gbéra.
Mo fọwọ́ kejì di òpó mú, mi ò mì.
Nọ́ńbà méje ni, ẹ̀gbọ́n.
Ẹsẹ̀ òsì ló fi gbá a.